Ọdún Tí Óákù Funfun Ò So

Coy àbúrò mi ò fọ̀rọ̀ bò rárá. Ìdí tábìlì mi ló jókòó sí, ó ń fi búrẹ́dì àgbàdo nu omi ẹ̀wà tó kù nínú àwo, ló bá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la.

"Àgbọ̀nrín kan péré ni mo fẹ́ pa. Tí mo bá ti pa á, mo ń kó lọ sí ìlú Tulsa lọ́dọ̀ Janelle."

Janelle lọmọ rẹ̀ obìnrin, òun nìkan náà ló sì bí. Látìgbà tí Ardith ìyàwó Coy ti kú nínú oṣù kẹrin lọmọ náà ti ń pè é lórí fóònù, pé kó máa bọ̀, pé yàrá wà, pé kò dáa kí bàbá òun máa dá gbé lórí òkè. Ta ló dá gbé? Èmi wá ńkọ́? Odò kékeré kan ló wà láàárín ilé mi àti ilé rẹ̀. Tí Coy bá sín lọ́hùn-ún, mo lè kí i pẹ̀lẹ́ láti ibi ìdáná mi. Àmọ́ lójú àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀gbọ́n obìnrin ò sí nínú èèyàn tí wọ́n ń kà.

"Kí ni àgbọ̀nrín ní í ṣe pẹ̀lú Tulsa?" ni mo bi í.

"Mi ò lè ká ọwọ́ méjì lásán wọ ilé ọmọ. Mo fẹ́ gbé ẹran dé ibẹ̀ kí wọ́n kó o sínú fìríísà, kí ọkọ Janelle mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn jẹun gbé oúnjẹ dání."

"Lọ ra ẹran màlúù."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ jalè. "Oleta, má bú mi o."

Ọdún méjì péré ni mo fi jù ú lọ, orúkọ mi gan-an ló sì máa ń pè láti kékeré. Mo kó àwo, mo ń fọ̀ ọ́, ọwọ́ mi sì ń le mọ́ àwo yẹn débi pé Coy ní kí n rọra. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an ni. Hoyt ọkọ mi ti kú tipẹ́, a ò bímọ. Gbogbo ará òkè yìí tó mọ ìgbà tí mo jẹ́ ọmọdé ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tán, àfi Coy. Tó bá lọ, adìyẹ ni mo máa máa bá sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù kẹwàá, kí wọ́n tó ṣí ọdẹ fún àwọn tó ń lo ìbọn ìgbàlódé, ìjọba máa ń fún àwa tá a ní ṣakabùlà ní ọjọ́ díẹ̀ tiwa. Àsìkò tí Coy fẹ́ràn jù lọ́dún nìyẹn. Òun àti Ardith ló kan ègùn tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé, pákó tí ọdẹ ń jókòó sí lára igi, kò ga púpọ̀ torí orúnkún Coy. Ara óákù funfun ńlá kan ni wọ́n kàn án mọ́. Igi yẹn ti wà kí wọ́n tó bí bàbá wa. Àmọ́ igi Ardith ni gbogbo wa ń pè é, torí òun ló máa ń sọ bóyá ọdẹ máa dé ìdí rẹ̀ lọ́dún yẹn tàbí kò ní dé.

Ardith ló ń wo igi fún wa. Tó bá ti di oṣù kẹjọ, á gbé awò tó fi ń wo ẹyẹ kọ́rùn, á máa ti ìdí igi kan bọ́ sí ìdí òmíràn, á gbójú sókè, á máa wo ibi tí èso wà àti ibi tí kò sí. Lẹ́yìn náà á wá sọ ibi tí kálukú máa jókòó, títí kan Doyle Pruitt tó ń gbé lódìkejì títì, tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kódà oníwàásù. Èmi ló máa ń fà dání láti gbé garawa. Mo máa ń ráhùn pé eégbọn ti gun mí tán, pé ejò wà nínú koríko. Ardith ò gbọ́. Á já ewé kan á nà án sí mi: "Oleta, etí ewé rẹ̀ rí roboto, àbí ó ṣe ṣóńṣó?" Roboto ni funfun, ṣóńṣó tó ní irun lẹ́nu ni pupa. Èso funfun dùn, èso pupa korò. Àgbọ̀nrín tó bá rí funfun ò ní wo ọ̀nà pupa. Gbogbo èyí ló rọ́ sí mi létí lọ́dọọdún, mo sì rò pé mi ò gbọ́.

Lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó wo igi. Nínú oṣù kẹjọ, Coy ò kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí àsìkò ṣakabùlà bẹ̀rẹ̀, ó gbéra lọ sí ègùn lówùúrọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì, ọ̀kẹ́rẹ́ lásán kò rí. Doyle náà jókòó sábẹ́ óákù funfun tiẹ̀ lódìkejì, òun náà ò rí nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe kó ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ ilé mi nìyẹn láti wá mu kọfí, bí ẹni pé èmi ni mo lé ẹran wọn.

Coy da ẹ̀kúnwọ́ fìlà èso óákù sórí tábìlì, àwọn fìlà kéékèèké tó máa ń dé èso yẹn lórí. "Ẹ wò ó. Òru ni wọ́n ń wá. Wọ́n ti jẹ èso tán, fìlà ni wọ́n ṣẹ́ kù fún mi."

"Wọ́n gbọ́ òórùn rẹ ni," ni Doyle wí. "Ìgbà wo lo wẹ̀ kẹ́yìn?"

"Èmi tiẹ̀ máa ń wẹ̀. Ajá tìrẹ gan-an, tó bá rí ọ, ìta ló ń sùn."

"Bú mi dáadáa. Mo ti pọ́n àlùmọ́gàjí sílẹ̀ dè ọ́." Ẹni tó bá yìnbọn tí kò bà níbí, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri ilé irinṣẹ́ Doyle kí gbogbo èèyàn máa wò ó.

"Mélòó ni tìẹ lára ògiri yẹn?" ni mo bi Doyle.

"Màmá Oleta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ṣúgà sí kọfí yìí."

Coy rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo fẹ́ gbá àwọn fìlà yẹn dà nù. Mo mú ọ̀kan, ló bá rún mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mú òmíràn, òun náà rún. Mo wá gbé e lọ sójú fèrèsé. Fìlà ọdún yìí máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á le, ara rẹ̀ á ṣe kókó-kókó. Gbogbo èyí tí Coy kó wá dúdú, wọ́n ti jẹrà. Fìlà èṣí ni. Òjò ti pa wọ́n, yìnyín ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ láti èṣí wá. Kò sí àgbọ̀nrín kankan tó wá jẹun lóru. Igi yẹn ò so rárá.

Mo jókòó. Kí ló dé tí kò so? Bí mo ṣe bi ara mi báyìí ni mo rántí òwúrọ̀ ọjọ́ tá a sin Ardith.

Òtútù òjijì ló mú lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ooru ti ń mú ṣáájú. Igi óákù ti yọ ìtànná wọn tó máa ń rọ̀ dirodiro, ló bá di ìdájí, ìrì dídì bo gbogbo òkè funfun báláú. Ìtànná igi píìṣì mi dúdú kó tó di ọ̀sán. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwa ò ríran lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò, ibi tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ de Ardith.

Óákù funfun tó bá tanná nínú oṣù kẹrin, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni èso rẹ̀ ń jábọ́. Ìrì dídì pa ìtànná, ó parí. Àmọ́ pupa kì í kánjú. Ọdún méjì ló fi ń gbé oyún tiẹ̀. Èso pupa tó ń já bọ́ báyìí, ìtànná èṣí ni, ó ti di kóró tín-ń-tín lára ẹ̀ka kí ìrì yẹn tó bọ́, kò sì sóhun tó ṣe é. Èyí túmọ̀ sí pé ìdí àwọn óákù pupa tó wà ní ìsun omi nísàlẹ̀ ni gbogbo àgbọ̀nrín òkè yìí wà, tí wọ́n ń jẹ kíkorò torí dídùn ò sí. Coy sì gbé ìbọn, ó gun òkè, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Inú mi kọ́kọ́ dùn pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn náà ni ọ̀rọ̀ kejì wá sọ́kàn mi. Tí mo bá sọ fún un, á pa ẹran, á sì lọ. Tí mi ò bá sọ, kò ní pa ẹran, kò sì ní lọ, torí kò ní ká ọwọ́ lásán wọ Tulsa. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi yàtọ̀. Kí n sáà dákẹ́, gbogbo nǹkan á bọ́ sí i fún mi. Ẹnu mi ni, èmi ni mo ni ín. Mo gbá àwọn fìlà náà dà sínú iná, mo lọ sùn, mo sì sùn dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi kó bínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo rí Coy tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Kò wọlé. Orí àtẹ̀gùn iwájú ilé mi ló jókòó sí, ó gbé ìbọn lé itan, kò bọ́ fìlà. Mo gbé kọfí jáde fún un, kò gbà á.

"Òkè yìí ti mọ̀ pé Ardith ti kú," ló wí. "Ó ti lé mi, Oleta. Mo jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, kò sí ohun tó mira. Igi yẹn ò fẹ́ rí mi mọ́."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ti gbà fún kádàrá. Inú bí mi. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ìrì dídì, inú sì bí mi sí Oleta ọmọ bàbá mi tó sùn dáadáa.

"Òkè wo ló lé ọ?" ni mo pariwo. "Òkè ò lé ẹnikẹ́ni! Àgbà ọdẹ ni ọ́, o ò mọ fìlà èṣí yàtọ̀ sí tọdún yìí! Igi yẹn ò so!"

"Óákù funfun bàbá wa ò kùnà rí."

"Ó kùnà lọ́dún yìí. Èso mélòó lo gbọ́ tó já bọ́ látìgbà tó o ti ń jókòó síbẹ̀?"

Ó yí ojú sí òkè lẹ́yìn ilé.

"Ìrì dídì ọjọ́ tá a sin Ardith ló pa ìtànná rẹ̀. Ta ló wòkè nínú wa?"

Ohùn Coy kéré. "Ó wà lára òdòdó tí Janelle gbé lé orí pósí. Mo rí i. Mo fi ọwọ́ nù ún kúrò lára ọ̀kan, ó tutù. Mi ò ronú kọjá ibẹ̀."

Mo jókòó tì í. Mo sọ ìyókù fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nípa pupa, nípa ìsun omi. Kò nílò kí n sọ púpọ̀. Ọdẹ ni, ó ń mi orí kí n tó parí gbólóhùn.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lánàá."

"Kí ló dé tí o ò sọ lánàá?"

"Mi ò fẹ́ kó o lọ ni."

Ó wò mí. "Kí ló wá dé tó o sọ ọ́ lónìí?"

"Torí mi ò lè máa wò ọ́ kó o máa jókòó sídìí igi tí kò so, kó o máa rò pé ìwọ ni ó ń bá jà. Mu kọfí yẹn kó tó tutù, mi ò ní tún un gbé kaná."

Ó mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ lé e. Ardith ló máa ń tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀. Mo gbé garawa dání láti fi jókòó, mo wọ ẹ̀wù Hoyt tó nípọn. Nígbà tá a dé ìsun omi, ojúmọ́ ti mọ́ dáadáa. Èèpo àwọn igi yẹn gùn lọ sókè ní ìlà tó ń dán, ewé wọn ṣe ṣóńṣó. Èso wọn kún ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ mi ń yọ̀, èso ràgàjì-ràgàjì, fìlà wọn pẹrẹsẹ bí ìdérí ife. Coy gé ọ̀kan jẹ, ó tu ú dànù kíákíá.

"Ó korò bí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ," ló wí.

Mo gbá a lápá. Èyí ni àwàdà àkọ́kọ́ tó bá mi ṣe látinú oṣù kẹrin. Gbogbo ilẹ̀ náà ni àgbọ̀nrín ti tú bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ìgbẹ́ wọn tútù níbí, èèpo èso wà lọ́hùn-ún. Coy fi ọwọ́ kan ojú ẹsẹ̀ kan, ó rẹ́rìn-ín sínú, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn igi tó wó kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo pa á mọ́.

Akọ kan ló wá, ìwo rẹ̀ pín sí méjì-méjì. Kò yára. Ó ń tẹ orí balẹ̀, mo ń gbọ́ bí èso ṣe ń fọ́ lẹ́nu rẹ̀. Coy gbé ìbọn lé orí igi tó wó náà. Mo fẹ́ kó bà á. Mo fẹ́ kó tàsé. Méjèèjì ni mo fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì mọ èyí tí mo fẹ́ jù.

Ṣakabùlà dún gbòlà. Èéfín bo gbogbo iwájú wa, o ò sì lè mọ ohun tó o ṣe títí èéfín á fi lọ. Nígbà tó lọ tán, akọ náà wà nílẹ̀, kò jà. Coy bọ́ fìlà. Ó ti ń sunkún, mo mọ̀ pé kì í ṣe torí àgbọ̀nrín. Mo fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Doyle gbọ́ ìbọn, ló bá gba ọ̀nà ìsun omi dé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lápò. Ó rí ẹran nílẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ó bà á?" ló bi mí.

"Mú àlùmọ́gàjí rẹ lọ sílé, Doyle. Lọ fi gé irun imú."

Àwọn méjèèjì tú ẹran náà nínú níbẹ̀. Coy la àpòlúkù rẹ̀, ó fi hàn wá: èso pupa tí ó ti jẹ kúnná, ó kún un bámúbámú. Mo ti ń ronú ọ̀nà Tulsa, mo ń ronú fèrèsé ilé Coy tí kò ní sí iná nínú rẹ̀ mọ́, mo sì ń bínú sí ara mi pé mo ń ro ti ara mi níbi tí àbúrò mi ti ń dunnú.

Coy nu ọ̀bẹ, ó dìde. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀ka óákù pupa kan tó rọ̀ sílẹ̀, ó fà á sún mọ́jú, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Ibẹ̀ ló yẹ kí kóró tín-ń-tín ti ọdún tó ń bọ̀ wà. Ó wo ẹ̀ka yẹn títí, ó jù ú sílẹ̀, ó fa òmíràn. Ó tún fa ẹ̀kẹta.

"Oleta, wá wò ó."

Mo lọ wò ó. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

"Ìrì yẹn pa tàwọn èyí náà," ló wí. "Tọdún yìí ló yè. Tọdún tó ń bọ̀ ló kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, pupa ò ní so."

"Kò ní so."

Doyle wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ni wọ́n wá máa jẹ?"

Coy gbójú sókè, ó ń wo orí òkè, ibi tí ègùn wà. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó.

"Lábẹ́ igi Ardith," ló wí. "Gbogbo wọn pátá. Kò ní sí ibòmíràn tí wọ́n máa yà sí." Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Tí ìrì ò bá tún pa ìtànná rẹ̀ o. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbí nínú oṣù kẹrin kó wòkè."

Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu bí omi. Mo gé ètè mi jẹ. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe nira tó fún mi. Doyle fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbọ́n tó láti dákẹ́.

Lọ́sàn-án, a gé ẹran náà lórí tábìlì mi, a wé e sínú bébà. Fóònù dún, Janelle ni. Coy gbé e sí etí pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀.

"Mo ti pa á, ọmọ mi. Ó sanra. Mo ń gbé e bọ̀ ní Sátidé." Ó tẹ́tí sí i. "Rárá, má gbé bẹ́ẹ̀dì kankan wọ ibẹ̀. Mo máa sùn mọ́jú Mọ́ńdè, mo máa padà." Ó tún gbọ́. "Mi ò bínú. Iṣẹ́ wà fún mi níbí nínú oṣù kẹrin ni. Màmá ẹ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo bú adìyẹ kan tí kò ṣẹ̀ mí, mo bú u títí ojú mi fi gbẹ.